Wọ́n ní loka gọ́fúmẹ̀ǹtì ti gba òmìnira, kí ló dé tí abúlé wa ò tíì rí i?

Àbúrò kan tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní abúlé kan nílẹ̀ Ìgbómìnà ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: "Salamu alaykum Alfa, ẹ kú iṣẹ́ o. A gbọ́ pé Supreme Court ti ní kí wọ́n máa kó owó loka gọ́fúmẹ̀ǹtì fún wọn tààrà láti 2024, a sì dìbò yan alága àti kánsẹ́lọ̀. Àmọ́ ọ̀nà wa ṣì wà bó ṣe wà, dìsípẹ́ńsárì wa ò ní oògùn, káṣú wa sì nìyẹn, àwọn àjẹ́ǹtì tó ń wá láti ìta ló ń dá iye lé e. Àwọn àgbà wa ní ká lọ bá àwọn èèyàn wa l'Abuja kí wọ́n fún wa ní loka gọ́fúmẹ̀ǹtì tiwa. Àwa ọ̀dọ́ ní ká dáwó jọ ká ṣe ọ̀nà fúnra wa. Èwo ló dáa jù?"

Wa alaykumu salaam, àbúrò mi. Àtàwọn àgbà àtẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ tán. Agbára tí wọ́n ń pariwo pé ó ti sọ̀kalẹ̀ yẹn, láti Abuja dé Ilorin, láti Ilorin dé sẹkitéríàtì loka gọ́fúmẹ̀ǹtì, ibẹ̀ ló ń pin sí. Kọnsitítúṣọ̀n ò dárúkọ abúlé. Ibi tó kù kó rìn dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ máa fà á dé, ó sì ní ibi tí ẹ lè ti dì í mú tí ọ̀pọ̀ abúlé ò mọ̀ rárá. Mo ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣúra káńsù títí mo fi rítáyà, torí náà ohun tí mo rí nínú ìwé owó ni mo fẹ́ bá ẹ sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń rò pé 2024 lọ̀rọ̀ yìí dáyé. Àwọn bàbá wa mọ ayé Native Authority, ìjọba ìbílẹ̀ ayé òyìnbó, nígbà tí owó orí ará oko máa ń lọ sí àpótí ìṣúra ní ìlú ńlá, tí ará oko ò sì ní ẹnu níbi tí wọ́n ti ń ná an. Ìbínú yẹn wà lára ohun tó bí Ilorin Talaka Parapo, àwọn mẹ̀kúnnù Ilorin tó para pọ̀ tí wọ́n sì fi ìbò gba káńsù lọ́dún 1957, kò sì pẹ́ tí ìjọba ẹkùn Àríwá ní Kaduna fi tú káńsù náà ká. Nígbà tí ìjọba ológun tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ ṣe lọ́dún 1976, wọ́n ní ó ti di ìjọba kẹta, pé ó máa ní owó tiẹ̀ láti òkè. Kọnsitítúṣọ̀n 1999 ní abala 7 sọ pé àwọn tí aráàlú dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ máa ṣèjọba ìbílẹ̀. Àmọ́ abala 162 inú ìwé kan náà ló ní kí owó gbogbo loka gọ́fúmẹ̀ǹtì kọ́kọ́ wọ àkáǹtì àjọṣe lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún fún wa, ó fi tòsì gbà á padà. Lọ́dún 2019 ni wọ́n ní kí àwọn alága káńsù ní Kwara lọ rọ́kún nílé, a ò sì dìbò mìíràn títí di 21 September 2024, àwọn tí ìjọba fọwọ́ ara rẹ̀ mú ni wọ́n wà níbẹ̀ kó tó dìgbà náà.

Ẹjọ́ Supreme Court tí ò ń sọ, 11 July 2024 ni wọ́n dá a. Agbẹjọ́rò àgbà orílẹ̀-èdè, Lateef Fagbemi, ọmọ Ìjàgbó níbí ní Ọ̀yún, ló pe gómìnà 36 lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ ò gbọdọ̀ di owó náà mú mọ́, pé kó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù tí wọ́n dìbò yàn, pé gómìnà kankan ò sì gbọdọ̀ tú káńsù ká kó wá fi àwọn tirẹ̀ síbẹ̀. Ìdájọ́ tó dáa gan-an ni, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ṣíṣe rẹ̀ falẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí àkáǹtì tí káńsù máa ṣí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí ta ló máa san owó oṣù tíṣà, 2025 wọlé bá a, owó náà ṣì ń gba ọ̀nà àtijọ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Nínú ìbò wa náà, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló gba alága gbogbo loka gọ́fúmẹ̀ǹtì 16 tó wà ní Kwara, ẹgbẹ́ gómìnà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o, bó ṣe ń rí nìyẹn ní gbogbo ìpínlẹ̀, ẹgbẹ́ yòówù kó wà níjọba. Àmọ́ ẹni tó mọ̀ pé ilé ẹgbẹ́ ní Ilorin ni tíkẹ́ẹ̀tì òun ti wá, apá ibẹ̀ ló máa ń kọjú sí, kò sí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó lè yí ìyẹn padà.

Wàyí o, owó náà fúnra rẹ̀. Nínú owó tí wọ́n ń pín l'Abuja lóṣooṣù, ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68 pásẹ́ńtì, ìpínlẹ̀ 26.72, gbogbo loka gọ́fúmẹ̀ǹtì 774 jọ ń pín 20.60. Tí èyí tó kan Kwara bá dé, kí kọ́bọ̀ kan tó wọ ọwọ́ alága, owó oṣù tíṣà pírámárì á ti kúrò, owó ìfẹ̀yìntì á ti kúrò, ìpín àwọn ọba á ti kúrò, lẹ́yìn náà ló kan owó oṣù òṣìṣẹ́ káńsù. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ káńsù pẹ́ ò lè gbàgbé ìgbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà ní 1999, tí a ń pè é ní "zero allocation", wọ́n á yọ owó tíṣà tán lókè, àwọn káńsù kan á lọ gba ṣẹ́ẹ̀kì wọn bá òdo níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń jó pé òmìnira dé, pé ẹ jókòó ná. Tí káńsù bá gba gbogbo owó rẹ̀ lónìí tó sì gba gbogbo ẹrù tíṣà mọ́ ọn, ohun tó kù fún ọ̀nà abúlé lè má ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ máa bi alága yín kì í ṣe "èló ló wọlé", ẹ bi í pé "èló ló kù lẹ́yìn owó oṣù, ibo lẹ ná an sí, wọ́ọ̀dù wo?"

Ó ṣeé bi o, òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin FOI tí wọ́n ṣe ní 2011 ní ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé béèrè ìwé owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, o ò ní láti sọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá ẹ lóhùn láàárín ọjọ́ 7. Tẹ́lẹ̀ àwọn ìpínlẹ̀ máa ń jiyàn pé òfin Abuja nìyẹn, kò kan àwọn, àmọ́ ní April 2025 Supreme Court ní ó kan gbogbo wọn pátá. Kọ lẹ́tà náà ní orúkọ ẹgbẹ́ yín, kí baálẹ̀ fọwọ́ sí i, fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí kánsẹ́lọ̀, gba ọwọ́ ìwé pé wọ́n gbà á. Má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Lẹ́tà tí èébú bá wà nínú rẹ̀, akọ̀wé káńsù á kàn fi pamọ́ sínú fáìlì ni, mo mọ fáìlì yẹn dáadáa.

Kí o má rò pé ìwé lásán ni mò ń sọ. Ní Uganda, láàárín 1991 sí 1995, ìjọba àpapọ̀ wọn ń fi owó ránṣẹ́ fún ilé ìwé pírámárì lórí iye ọmọ tó wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá wo ìwé ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 13 pásẹ́ńtì ló ń débẹ̀, ìyókù ń há sọ́wọ́ àwọn aláṣẹ àgbègbè. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú ìwé ìròyìn lóṣooṣù, wọ́n ní kí ilé ìwé náà lẹ iye tó dé mọ́ ara ògiri kí àwọn òbí rí i. Nígbà tó fi di 2001 ohun tó ń dé ilé ìwé ti kọjá 80 pásẹ́ńtì. Ìwé ìròyìn yẹn nìkan kọ́ ló ṣe é, wọ́n tún àwọn nǹkan mìíràn ṣe pẹ̀lú, àmọ́ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: agbára ti sọ̀kalẹ̀ sí àgbègbè tẹ́lẹ̀, àgbègbè ló jẹ ẹ́. Ìgbà tí òbí ọmọ wá mọ iye rẹ̀ ni owó tó dé ilé ìwé. Báwa náà bá lè lẹ iye tó wọ wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan nínú wọ́ọ̀dù 193 tó wà ní Kwara mọ́ ara ògiri mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ààfin baálẹ̀, ìyẹn á ṣe ju ìwàásù lórí rédíò lọ.

Àwọn kan tiẹ̀ lọ jìnnà ju ìyẹn. Ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà, lọ́dún 1996, ya ìdá 35 sí 40 nínú 100 owó ìdàgbàsókè ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn káńsù kéékèèké, ará abúlé á pé jọ sí ìpàdé gbogbo ọmọ wọ́ọ̀dù, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni bọ́jẹ́ẹ̀tì ti máa bẹ̀rẹ̀. Obìnrin gbọ́dọ̀ wà ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìjókòó káńsù, òfin orílẹ̀-èdè wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. (Ṣé o ti ka iye obìnrin tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè abúlé yín? Àwọn ló ń pọnmi, àwọn ló ń gbé ọmọ lọ sí dìsípẹ́ńsárì, ìpàdé bá dé wọ́n á ní kí wọ́n lọ dáná.) Kò sí òfin bẹ́ẹ̀ níbí, àmọ́ kò sí òfin tó ní kẹ́ ẹ má ṣe ìpàdé tiyín kí oṣù kẹwàá tó parí, nígbà tí káńsù ń múra bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ gbé lọ bá kánsẹ́lọ̀, kì í ṣe ohun mẹ́tàdínlógún. Mo ti rí lẹ́tà abúlé tó béèrè yunifásítì, títì ọlọ́dà, iná, pápá ìṣeré àti ilé àlejò nínú páálí kan ṣoṣo, ta ló máa ka ìyẹn?

Dìsípẹ́ńsárì yín, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí owó kan wà tí kì í gba ọwọ́ alága kọjá. Òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní 2014 ya ó kéré tán 1 pásẹ́ńtì owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera, wọ́n ń pè é ní BHCPF. Apá kan nínú rẹ̀ ń lọ tààrà sínú àkáǹtì ilé ìwòsàn tí wọ́n yàn nínú wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, fún oògùn, fún títún ilé ṣe, fún iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń ṣe. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, àwọn ará ìlú fúnra wọn, ló yẹ kó máa jókòó pẹ̀lú ọ̀gá ilé ìwòsàn náà láti sọ ohun tí wọ́n máa fi owó náà ṣe. Lọ béèrè, ta ni àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yẹn ní wọ́ọ̀dù yín? Nígbà wo ni wọ́n ṣèpàdé gbẹ̀yìn? Ní ibi púpọ̀ wọ́n á dárúkọ àwọn méjì kan tó ti kó lọ sí Ilorin. Tó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn tiyín kọ́ ni wọ́n yàn ní wọ́ọ̀dù, ẹ mọ èyí tí wọ́n yàn, kẹ́ ẹ sì ní èèyàn kan nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ilé ìwé pírámárì náà ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, SBMC. Àga yìí wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó jókòó lé e, ẹ̀yin wá ń wá àga lọ sí Abuja.

Ọ̀nà ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ín. Títì tó ti Ilorin gba Ajàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán, ti ìjọba àpapọ̀ ni, alága káńsù ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Àmọ́ ọ̀nà inú oko tó já sí abúlé, iṣẹ́ káńsù ni, òun àti ọjà àti gáréèjì àti ilé ẹran àti gọ́tà, ó wà lẹ́yìn Kọnsitítúṣọ̀n ní Fourth Schedule. Èyí tó já mọ́ ọ̀nà ọjà tó gùn dáadáa, ètò RAAMP tí owó rẹ̀ ti Báǹkì Àgbáyé wá lè gbà á, Kwara wà nínú rẹ̀, ìpínlẹ̀ lẹ máa gbà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ dídáwó tẹ́ ẹ sọ, mi ò lòdì sí i, inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà. Ọmọ Ọ̀fà ò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ṣe é. Ṣùgbọ́n Ọ̀fà ìlú ńlá ni, wọ́n ní oníṣòwò, wọ́n ní ọmọ ní Èkó àti ní Accra nígbà náà. Abúlé kékeré tó ń dáwó ṣe títì, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tálákà ibẹ̀ á san owó orí lẹ́ẹ̀mejì, alága á wá ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é rèé: ẹ jẹ́ kí owó yín máa fa owó ìjọba. Nígbà ètò CSDP, ètò ìdàgbàsókè abúlé tí Báǹkì Àgbáyé yá wa lówó fún, ará abúlé máa ń mú 10 pásẹ́ńtì wá, ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ yanrìn àti agbára, ètò náà á gbé 90 yòókù sílẹ̀, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ń di àkáǹtì náà mú tí wọ́n ń wá kọngílá. Àwọn bọ́họ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lára èyí tí mo mọ̀, irú ìyẹn ló pọ̀ níbẹ̀, torí ẹni tó ra nǹkan fúnra rẹ̀ máa ń tún un ṣe. Ẹ lọ bá káńsù pé àwa máa ra dísùù, ẹ̀yin ẹ gbé gréda wá. Ẹ ní àwa máa kó òkúta àti yanrìn fún kọ́fátì, ẹ̀yin ẹ mú símẹ́ǹtì àti irin wá pẹ̀lú ẹ̀ńjìnnìà. Kọ́fátì gan-an ni kẹ́ ẹ tẹnu mọ́, ọ̀nà oko wa kì í bàjẹ́ níbi tó tẹ́jú, ojú omi ló ti ń já.

Ó kan káṣú, èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ìbéèrè rẹ, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ agbára fún ará oko, agbára òṣèlú nìkan ni wọ́n ń rò. Abúlé tí kò ní owó lọ́wọ́, ẹni tó bá gbé ìrẹsì wá lásìkò ìbò ló máa ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ìjọba náà ti gbìyànjú láti mú ọrọ̀ wá sí oko Kwara láti òkè, o rántí àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun láti Zimbabwe tí wọ́n kó wá sí Shonga ní bí ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà Gómìnà Bukola Saraki. Oko ńlá, ẹ̀rọ ńlá, ẹ̀yáwó báǹkì. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ẹlòmíì lè sọ, àmọ́ lójú tèmi kékeré ni agbára tó kù sọ́wọ́ àgbẹ̀ abúlé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, torí láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe òun ni wọ́n fi ṣe olóko.

Káṣú yín ti wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kó o wá. Ohun tó ń pa yín ni pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá tà á, ní tútù, pẹ̀lú kọ́ńgò àjẹ́ǹtì, lásìkò tí gbogbo ayé ń tà, ìyẹn oṣù kejì sí ìkarùn-ún. Àjẹ́ǹtì mọ̀ pé owó ilé ìwé ọmọ ń lé ẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú káṣú Nàìjíríà, kóró rẹ̀ lásán la ń kó lọ sí Vietnam àti Íńdíà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́ ọ, àwọn tó ń rà á níbẹ̀ ń wo bó ṣe gbẹ tó àti iye ọmọ tó wà nínú kóró, owó ń gun orí èyí tó gbẹ tó sì dáa. Ṣé ẹ ń sá tiyín dáadáa? Ẹ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, èèyàn 10 ti tó láti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má tíì rò ó pé ẹ fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ jọ sá a, kẹ́ ẹ jọ fi sikéèlì wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ jọ kó o síbì kan tí kò jò, kẹ́ ẹ pe àjẹ́ǹtì mẹ́ta mẹ́rin kí wọ́n wá du ú láàárín ara wọn. Kí ẹgbẹ́ yọ díẹ̀ lórí báàgì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni owó dísùù gréda. Bákan náà, owó tíkẹ́ẹ̀tì tí káńsù ń gbà ní ọjà yín, ẹ ní kí kánsẹ́lọ̀ gbé e dé káńsù pé kí díẹ̀ nínú rẹ̀ máa padà wá fi tún ọjà náà ṣe. Wọ́n lè kọ̀ lẹ́ẹ̀kínní.

Ọ̀rọ̀ ààbò, mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn gbogbo wa lẹ́yìn tí àwọn agbébọn kọlu ṣọ́ọ̀ṣì ní Erúkù ní November 2025, àwọn kan ò sì tiẹ̀ lè dé oko káṣú wọn mọ́. Ọlọ́pàá ṣì wà lọ́wọ́ Abuja nìkan, káńsù ò lè pàṣẹ fún DPO. Tí wọn ò bá yí ìyẹn padà, fijilanté àti ọdẹ lẹ ní, ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí ohun tí wọ́n ń ṣe lè bófin mu.

Ó ku loka gọ́fúmẹ̀ǹtì tuntun táwọn àgbà fẹ́ lọ tọrọ. Kí wọ́n má bínú sí mi. Abala 8 Kọnsitítúṣọ̀n ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà á, aráàlú gbọ́dọ̀ dìbò lé e lórí, àwọn aṣòfin Abuja á sì tún kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó di odidi. Èkó dá 37 sílẹ̀ lórí 20 tó ní, ìjọba àpapọ̀ di owó wọn mú ní 2004, ilé ẹjọ́ ní bí ìpínlẹ̀ ṣe dá wọn sílẹ̀ bófin mu ṣùgbọ́n wọn ò tíì pé, títí dòní LCDA, àgbègbè ìdàgbàsókè káńsù, ni wọ́n ń jẹ́. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ wá rí i gbà, sẹkitéríàtì tuntun lẹ máa kọ́kọ́ kọ́, alága tuntun, igbá-kejì, olùdámọ̀ràn, ọkọ̀ jíìpù, gbogbo rẹ̀ nínú owó kan náà tí kò tó yẹn. Owó tí wọ́n fẹ́ fi háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Abuja, ẹ bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ fi ra sikéèlì, èyí tó ń wọn 100 kílò, kó tó di pé káṣú bẹ̀rẹ̀ sí í já.